Ta Ló Ń Ṣọ́ Oorun Ẹni Tí Wọ́n Ṣí Àyà Rẹ̀?

Ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí àyà ènìyàn láti tún ọkàn rẹ̀ ṣe ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ìlú Enugu ni, ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu wà lára àwọn tó ṣe é, Magdi Yacoub, ọmọ Íjíbítì tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ abẹ ọkàn ti di ohun tí ìjọba fi ń yangàn. Bí ẹ̀rọ tuntun bá dé, mínísítà yóò wá ṣí i. Bí ikọ̀ oníṣẹ́ abẹ bá ti òkèèrè wá ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, a ó gbọ́ iye ènìyàn tí wọ́n ṣe é fún, a ó sì rí àwòrán aláìsàn tó ń rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn. Ọ̀sán ni wọ́n máa ń ya àwòrán bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn náà nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú kì í sí nínú ìròyìn ìjọba kankan.

Ìmọ̀ ìṣèlú ni mo kọ́, n kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn oníṣègùn mọ̀ nípa òru yẹn kò ṣókùnkùn. Kí oníṣẹ́ abẹ tó lè dé ibi ọkàn, ayùn ni yóò fi la egungun àárín àyà sí méjì. Bí ó bá parí, yóò fi wáyà dì í pa pọ̀, yóò sì tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí egungun náà tó jiná. Nítorí náà, ẹ̀yìn ni aláìsàn yóò máa fi lélẹ̀; ẹni tó ti ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn láti kékeré kò ní lè yí padà. Bí ó bá wúkọ́, yóò dà bí ẹni pé wọ́n tún ń la àyà rẹ̀. Rọ́bà kan ń fa ẹ̀jẹ̀ àti omi láti àyà, òmíràn ń fa ìtọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bí ọkàn ṣe ń lù ń ké ní gbogbo ìgbà tí nǹkan bá yí díẹ̀, nọ́ọ̀sì sì gbọ́dọ̀ máa wá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní àwọn alẹ́ àkọ́kọ́, oorun àsùnwọra àti oorun tí a fi ń lálàá máa ń dín kù púpọ̀. Òògbé tó ń já ní kọ́ọ̀kan ló máa ń kù.

Èyí kọjá ìnira lásán. Àìsùn ń mú kí ìrora le sí i. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn àgbàlagbà, orí wọn a dàrú: wọn kò ní mọ ibi tí wọ́n wà, wọ́n á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, wọ́n á fẹ́ fa rọ́bà tó wà lára wọn yọ. Àìsùn nìkan kọ́ ló ń fa èyí, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tí àwọn oníṣègùn so ó mọ́. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí sábà máa ń pẹ́ nílé-ìwòsàn, ewu ikú rẹ̀ sì ga ju ti ẹlòmíràn lọ. (Àwọn ẹbí tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún yóò ní ayé ló ń bá a jà.)

Apá kan nínú ìyà yìí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, ì báà jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ni a wà. Egungun tí a là yóò dùn. Èyí tó jẹ́ àfọwọ́fà ìjọba ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú iná mànàmáná. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A láti nǹkan bí náírà 68 sí náírà 225. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun yóò gbé ìdajì owó iná kúrò lọ́rùn àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba. Síbẹ̀, kí ọdún náà tó parí, wọ́n gé iná UCH ní Ìbàdàn nítorí gbèsè, ó sì lé ní 100 ọjọ́ kí wọ́n tó dá a padà ní ọdún 2025. Ilé-ìwòsàn tí kò bá ní iná, jẹnẹrétọ̀ ni yóò tàn. Nígbà náà, yálà kí ẹ̀rọ máa bú ramúramù lẹ́yìn fèrèsé, tàbí kí ó kú, kí fáànù dúró, kí ooru sì mú ẹni tí bándéèjì wé àyà rẹ̀. Láti ọdún 1999 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé ariwo inú wọ́ọ̀dù lóru kò yẹ kó kọjá 30 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, èyí tí kò ju ọ̀rọ̀ ìkẹ́lẹ́ lọ. Àwa náà ní òfin tiwa: ìlànà ìdarí ariwo tí NESREA ń mójú tó wà nílẹ̀ láti ọdún 2009. Kí ẹ̀yin òǹkàwé lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín lálẹ́, kí ẹ gbọ́ sípíkà ilé ìjọsìn àti fèrè mọ́tò, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá òfin náà ti dé àdúgbò yín.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ni mo rò pé ó wúwo jù. Ìyàwó gbígbé kò ṣòro, owó ọbẹ̀ ló ṣòro. Iṣẹ́ abẹ ni ìgbéyàwó, ìtọ́jú òru ni owó ọbẹ̀. Níbi tí nọ́ọ̀sì ti pé, wọ́n lè kó iṣẹ́ òru pọ̀, kí wọ́n wọn ìfúnpá, kí wọ́n fúnni lóògùn, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì fi aláìsàn sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Wọ́n lè fún un ní oògùn ìrora kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì kan bá ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ ibùsùn, gbogbo iná wọ́ọ̀dù ni yóò tàn sílẹ̀, ìgbà tó bá kàn ọ́ ni yóò sì jí ọ. Kò sí ìkà nínú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni kò ká iṣẹ́. Kí ni ìjọba wá ṣe? Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tó ń darí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí gbé ìlànà jáde pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé òun fún iṣẹ́ lókè òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé. Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ̀hónú hàn. Òótọ́ ni pé jápa ń pa wá lára, àmọ́ ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ ènìyàn kò lè di ọwọ́ kejì fún un lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́. Owó oṣù àti iye ènìyàn tí a gbà síṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

Owó tún ń jí aláìsàn lójú oorun. Òfin ọdún 2022 sọ ìbánigbófò ìlera di dandan, síbẹ̀ àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ jù lọ ṣì fi ń tọ́jú ara wọn. Àwọn ẹbí ń sùn sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń retí ìgbà tí wọn yóò pè wọ́n lóru pé oògùn kan tún kù tí wọn yóò lọ rà. Ẹni tó mọ̀ pé ilẹ̀ tí bàbá òun fi sílẹ̀ ni wọ́n tà fi ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, oògùn oorun wo ló fẹ́ ràn án?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, nígbà tí wọ́n ní awọ tó bo ọkàn Ààrẹ Yar'Adua wú, Sáúdì Arébíà ni wọ́n gbé e lọ. Lọ́ńdọ̀nù ni Ààrẹ Buhari ti ń gbàtọ́jú, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní oṣù keje ọdún 2025. N kò fi òkú ṣẹ̀sín. Aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti wá ìwòsàn. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tó ń fọwọ́ sí ètò ìṣúná wa kì í sùn ní wọ́ọ̀dù tí ètò náà ń bí. Abuja wa níhìn-ín ni àwọn olórí Áfíríkà ti ṣèlérí lọ́dún 2001 pé ìlera yóò máa gba ìdá 15 nínú 100 owó ìṣúná wọn. Àwa tí a gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀ rí.

Kò pọn dandan kí a dúró de ìdá 15 náà kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ohun ìdítí àti ìbòjú kò wọ́n, wọ́n sì ti ràn àwọn aláìsàn lọ́wọ́ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mínísítà bá tún wá gbèjà ètò ìṣúná níwájú àwọn aṣòfin, kí ẹnì kan bi í léèrè nọ́ọ̀sì mélòó ló ń ṣọ́ ibùsùn mélòó lóru ní gbogbo ibi tí a ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní Nàìjíríà. Kò gba ìgbìmọ̀ olùwádìí. Ìwé tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ alẹ́ wà ní wọ́ọ̀dù.