Ẹ Má Torí Ìpàdé Kan Padà Sídìí Ìgò

"Mo lọ lẹ́ẹ̀kan, kò bá mi lára mu." Ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ ẹni tó ti gbìyànjú láti jáwọ́ nínú ọtí nìyẹn. Wọ́n dé ìpàdé àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́, wọ́n bá àjèjì tó jókòó yí ká, ẹnì kan ń sunkún, ẹlòmíràn ń rojọ́ tí kò lópin. Wọ́n dìde, wọn ò sì padà mọ́. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìgò ti wà lórí tábìlì. Mi ò ní kí wọ́n purọ́ pé ìpàdé náà dùn mọ́ wọn. Àmọ́ ẹni tí aṣọ tí télọ̀ kan rán fún un kò bá a mu kì í torí ìyẹn rìn níhòòhò; télọ̀ mìíràn ló ń wá.

Ẹgbẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni Alcoholics Anonymous, tí wọ́n ń pè ní AA. Ìlú Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1935. Bill Wilson, ará New York kan tí ń ṣòwò ìpín-ìdókòwò, ti jáwọ́ nínú ọtí fún oṣù díẹ̀ nígbà tí òwò gbé e dé Akron. Òwò náà dàrú. Ó dúró nínú òtẹ́ẹ̀lì, ariwo àwọn tó ń mu ń dé etí rẹ̀. Dípò kó yà sọ́dọ̀ wọn, tẹlifóònù ló gbá mú, ó ń pe àwọn ìjọ títí wọ́n fi júwe ọ̀nà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀mùtí kan, Bob Smith, dókítà oníṣẹ́ abẹ. Bob ní ìṣẹ́jú 15 lòun máa fún un. Ó lé ní wákàtí 6 kí wọ́n tó dìde. Ẹ rò ó wò: dókítà ni Bob, ta ló fẹ́ sọ fún un pé ọtí ń bẹ́dọ̀ jà? Ẹni tí kò tíì rí ni ẹni tí ọtí ti na lẹ́gba bíi tirẹ̀, tó sì lè sọ ọ́ láìtijú.

Irú ìjókòó yẹn ni kí ẹ máa wá, ibi tí ẹ ti lè sọ ohun tí ẹ kò lè sọ fún ìyàwó, ọkọ tàbí pásítọ̀. AA kì í gbowó ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ ti yẹ. Àmọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń darí ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ti òpópónà yìí kò fi ní jọ ti òpópónà kejì. Àwọn kan ṣílẹ̀kùn fún tẹbí-tará, àwọn kan wà fún ẹni tí ọtí ń yọ lẹ́nu nìkan. Ti obìnrin nìkan wà, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì náà wà. Bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí wọ́n ń sọ ní AA kò bá bá yín mu, ẹgbẹ́ SMART Recovery, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994, kì í gbé e ka ìgbàgbọ́. Bí èèyàn ṣe lè kápá èrò àti ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ni. Ẹbí ọ̀mùtí náà ní tiwọn, Al-Anon, tí ìyàwó Bill wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 1951.

Àwọn tó rò pé ìtàkúrọ̀sọ lásán ni gbogbo rẹ̀ ńkọ́? Lọ́dún 2020, àjọ Cochrane, tó máa ń ṣàyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn, yẹ ìwádìí 27 wò, tó kan àwọn tó lé ní 10,000. Wọ́n rí i pé ètò AA kò rẹ̀yìn sí ìtọ́jú mìíràn, ó tiẹ̀ ta wọ́n yọ ní ti jíjáwọ́ pátápátá.

Ìtìjú ló ń dí àwa Yorùbá lọ́nà jù. Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ń bẹ̀rù pé òun á bá ọmọ ìjọ òun níbẹ̀. Bó bá bá a ńkọ́? Ohun tó gbé e débẹ̀ ló gbé ọmọ ìjọ náà débẹ̀. Ìpàdé tó wà ní ìhà kejì ìlú sì wà.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ àfi tó bá da páragà sọ́fun, kó má kọ́kọ́ lọ sí ìpàdé kankan o. Dókítà ni kó lọ rí. Jíjáwọ́ lójijì lè mú kí gìrì gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó sì lè pa á. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò ní Abẹ́òkúta àti ti Yábà ní Èkó ń tọ́jú àwọn tí ọtí ti di bárakú fún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bóyá wọ́n mọ ìpàdé tó wà nítòsí yín.

Ibi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ da oògùn tí dókítà kọ fún yín nù, tàbí tí wọ́n ti ń ta àgbo, tàbí tí ọkùnrin kan ti ń lé obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kiri, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí kò bá ti sí irú èyí, ẹ ní sùúrù. Ẹ tètè dé, ẹ dúró mu tíì lẹ́yìn ìpàdé, nítorí ibẹ̀ lọ̀rẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbìyànjú ìpàdé mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó dájọ́. Ẹni tó bá sì ti lọ sí ẹyọ kan tó kúrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá èkejì lọ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.