Ẹ má tíì ju kọ̀ǹpútà tí dísìkì rẹ̀ kú nù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì kan níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ni wọ́n ní, mẹ́rin ò ṣiṣẹ́ mọ́. Háàdì dísìkì mẹ́ta ti kú. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Fáírọ́ọ̀sì inú flash ló ba ìkẹrin jẹ́. Ọ̀gá ní kí n pe àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣì mú sùúrù."

Kò pọn dandan kí kọ̀ǹpútà ní dísìkì tirẹ̀ kó tó dìde. Tí ẹ bá tàn án, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú rẹ̀ lè ké jáde lórí wáyà pé, "Ta ló máa fún mi ní àdírẹ́ẹ̀sì?" Sáfà á dá a lóhùn, á sì sọ fáìlì tó máa gbà fún un. Fáìlì ọ̀hún á máa wọlé ní báìtì 512, báìtì 512, lọ sínú RAM, òun láá wá fa Linux tó kù wọlé. PXE lorúkọ ètò yìí. Intel ló gbé e jáde lápá ìparí àwọn ọdún 1990, ó sì wà lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí a ń lò láìmọ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, Shuttleworth Foundation fi irú rẹ̀ ṣe yàrá kọ̀ǹpútà tuXlab fáwọn ilé ẹ̀kọ́.

Àwọn kan á ní, ṣebí SSD ti dé? Òótọ́ ni, ó dáa. Ṣùgbọ́n SSD mẹ́wàá ṣì jẹ́ ibi mẹ́wàá tí fáírọ́ọ̀sì lè sá pamọ́ sí. Tó bá jẹ́ ti sáfà, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn, ìdọ̀tí ti lọ.

Mi ò ní parọ́ o: tí sáfà bá kú, gbogbo ọ́fíìsì jókòó nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n ra dísìkì méjì tí á máa kọ ohun kan náà, kí sáfà àti switch sì wà lórí ínfátà. Wáyà náà ṣe pàtàkì. Wáyà 100 megabit ń gbé nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí èèyàn mẹ́wàá bá tan kọ̀ǹpútà láago mẹ́jọ àárọ̀, ó ku bíi ẹyọ kan péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gigabit ni kó jáde lára sáfà.

Ọ̀gá ti fọwọ́ sí i, àmọ́ dísìkì kan lowó tó wà nílẹ̀ lè rà. Mo ní màá dúró de ìkejì.