Kẹ́ẹ̀gì Oògùn Kì í Ṣófo

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń ṣú ní agbègbè Ọ̀sí àti Ìlọ́fà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ a kọjú sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta oògùn oko. Ayé ọ̀wẹ̀ àti àáró, nígbà tí gbogbo agboolé máa ń kóra jọ ro oko ẹnì kan, ti ń kọjá lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣoṣo tó gbé ẹ̀rọ ìfín kọ́ ẹ̀yìn lè ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ́ láàárín ọjọ́ kan. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ jáde láti inú ilẹ̀, àwọn tó kù sílé kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ohun tí n kò lè dákẹ́ sí ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí oògùn bá tán. Kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lágbára, ìdérí rẹ̀ le dáadáa. Ta ni yóò ju irú rẹ̀ nù nígbà tí ọjà gbówó lórí tó báyìí? A ó fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, a ó gbóòórùn rẹ̀, bí kò bá sì rùn mọ́, ó di ti epo pupa, ti òróró ẹ̀pà, tàbí ti omi mímu tí ọmọ yóò gbé lọ sóko. Imú ni a fi ṣe adájọ́, bẹ́ẹ̀ imú kò mọ ẹjọ́ yìí í dá. Ike máa ń fa díẹ̀ lára oògùn mọ́ra. Ọṣẹ kò lè fọ ohun tó ti wọ inú ike lọ, ohun náà yóò sì máa jáde díẹ̀díẹ̀, pàápàá sínú epo, nítorí pé ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò máa ń yòrò sínú epo ju omi lọ.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí ní orílẹ̀-èdè yìí, tí gbogbo ayé sì gbọ́. Láàárín ọdún 1987 sí 1988, àwọn oníṣòwò ará Ítálì kó ìdọ̀tí olóró tó lé ní 3,000 tọ́ọ̀nù wọ Kókó, ìlú kékeré etí omi tó wà ní ìpínlẹ̀ Bendel nígbà náà, tó sì wà ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúrọ́ọ̀mù ni ìdọ̀tí náà wà. Ẹ̀yìnkùlé ọkùnrin ará ìlú kan ni wọ́n yá láti tò wọ́n sí, owó tí wọ́n sì ń san fún un lóṣù kò ju nǹkan bí 100 dọ́là Amẹ́ríkà lọ. Oòrùn ń pa àwọn dúrọ́ọ̀mù náà, òjò ń pa wọ́n, àwọn mìíràn wú, àwọn mìíràn ń jò. Àwọn ará ìlú tí kò mọ ohun tó wà nínú wọn da nǹkan inú àwọn kan nù, wọ́n sì gbé dúrọ́ọ̀mù lọ sílé láti máa fi pọn omi.

Kì í ṣe ọlọ́pàá ló tú àṣírí yìí, kì í sì í ṣe aṣọ́bodè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ló rí ọ̀rọ̀ náà kà níbẹ̀, tí wọ́n sì kọ̀wé sílé. Ní oṣù Òkudù ọdún 1988, àwọn ìwé ìròyìn wa gbé e jáde, ariwo sì ta. Ìjọba mú kí Ítálì kó ẹrù rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi méjì, Karin B àti Deep Sea Carrier, ni wọ́n kó o sí. Ṣùgbọ́n àwọn kan lára àwọn òṣìṣẹ́ tó palẹ̀ ẹrù náà mọ́ dèrò ilé ìwòsàn, nítorí pé kẹ́míkà jó wọn lára. Ọdún náà gan-an ni òfin jáde pé ẹni tó bá kó ìdọ̀tí olóró wọ ilẹ̀ wa lè ṣẹ̀wọ̀n gbére. Ní ọdún 1991, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn ní Bàmákò pé ilẹ̀ Áfíríkà kì í ṣe ààtàn fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ wo ibi tí ìgbàlà ti wá. Ẹni tó mọ̀wé kà ló kà á, tó sì sọ fún ẹni tí kò lè kà á. Iṣẹ́ kan náà wà nílé yín lónìí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sára kẹ́ẹ̀gì oògùn, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí ẹyin eèrà. Bàbá tó ń fín in lè má mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n kà. Ẹ wo àmì tó wà nísàlẹ̀ ìwé ara rẹ̀: lára ọ̀pọ̀ oògùn, pupa ni ti èyí tó burú jù, àwọ̀ ìyeyè tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọ̀ aró, kí ó tó kan àwọ̀ ewé. Ẹ wo orúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe é pẹ̀lú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni NAFDAC ti fòfin de paraquat. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ènìyàn bá gbé mì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ títí ikú yóò fi dé, kò sì sí ẹ̀rọ̀ fún un. Bí ẹ bá rí orúkọ yẹn lára kẹ́ẹ̀gì ilé yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba iṣẹ́ ìfín ṣe, kí ẹ tó ná owó, ẹ kọ́kọ́ ná ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti bàtà róbà. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín ló yẹ kó pèsè wọn. Ẹ má ṣe fín in nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ wá sójú yín. Bí oògùn bá tán, ẹ da omi sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ sì da omi náà padà sínú ẹ̀rọ ìfín. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ fín in sórí oko náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ lu kẹ́ẹ̀gì náà ní ihò kí ó má lè gba nǹkan kan dúró mọ́. Ẹ má ṣe sun ún, ẹ má ṣe jù ú sódò. Ẹ tì í mọ́ ibi tí ọmọdé kò lè dé, kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sì bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa bí wọn yóò ṣe kó wọn kúrò.

Bí oògùn bá dà sílẹ̀, omi kọ́ ni ohun àkọ́kọ́. Omi a máa gbé e lọ sínú gọ́tà, láti ibẹ̀ dé kànga. Ẹ lé ọmọdé àti ẹran jìnnà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì náà dúró. Ẹ fi yanrìn tàbí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ yí i ká, kí ẹ sì bò ó. Nígbà tí iyẹ̀pẹ̀ bá ti fà á tán, ẹ fi ṣọ́bìrì kó o sínú garawa tó ní ìdérí. Bí ó bá kan ara, tàbí tí ásíìdì bátìrì ta sí mẹkáníìkì lára, ìgbà yẹn ni omi wúlò: ẹ bọ́ aṣọ tó ti rin, kí ẹ sì máa da omi sí ibẹ̀ fún ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá gbé e mì, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má sì ṣe fi ìka ru ú kó bì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú ìwé ara kẹ́ẹ̀gì náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó jẹ́.

Bí ó bá jẹ́ epo pẹtiróòlù ni ọkọ̀ dà sójú títì, kò sí iṣẹ́ kankan fún yín níbẹ̀ ju kí ẹ sá, kí ẹ sì máa lé àwọn ẹlòmíràn sẹ́yìn. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, ní Majiya ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ó lé ní 140 ènìyàn tí iná pa níbi tí ọkọ̀ epo ti dojú dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tó lọ bu epo.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní bàbá àwọn ti ń mu omi nínú irú kẹ́ẹ̀gì yìí láti ogún ọdún, kò sì kú. Ṣùgbọ́n gbogbo májèlé kọ́ ló ń pa ènìyàn lójijì. Òmíràn a máa rọra ba iṣan jẹ́, a máa ba kíndìnrín jẹ́, a máa wọ ara ọlẹ̀ tó wà nínú ìyá rẹ̀. Nígbà tí àìsàn bá dé, kò sẹ́ni tí yóò rántí kẹ́ẹ̀gì.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, a sá. Kókó ti bù wá jẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá délé lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ wo ìdí ìkòkò omi àti ẹ̀yìn ilé ìdáná. Kẹ́ẹ̀gì oògùn tí ẹ bá rí níbẹ̀, ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀ sétí ìyá yín ní Yorùbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ra kẹ́ẹ̀gì tuntun fún wọn.