Kí Bàbá àti Ọmọ Jùmọ̀ Mọ Ètò Ọdún

Àwọn àgbà wí pé, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Síbẹ̀, nínú ilé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kòkó ní ilẹ̀ Oǹdó àti Iléṣà, bàbá nìkan ni ó mọ iye owó tí ó wọlé, gbèsè tí ó wà nílẹ̀, àti ibi tí pèrègún ààlà oko gbé wà. Bí ọmọ bá béèrè, a ó ní ó ń yájú.

Èyí kò tọ́. Oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ni ilé-ìwé ń wọlé, nígbà tí ọ̀pọ̀ kòkó kò tíì pọ́n. Ọmọ tí a kò sọ èyí fún yóò rò pé ahun ni bàbá òun. Bàbá yóò sì pè é ní aláìmoore. Nítorí náà, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, kí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ jókòó papọ̀, kí wọ́n ya owó ìwé sọ́tọ̀, kí wọ́n gbọ́ ti ẹnu ọmọ pẹ̀lú, kí ẹni tí ó mọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ọmọ yóò tú àṣírí ilé síta. Ẹ̀kọ́ ni oògùn èyí, kì í ṣe ìfipamọ́. Kòkó a máa gba ọdún 3 sí 5 kí ó tó so, ó sì lè pẹ́ láyé ju ẹni tí ó gbìn ín lọ. Bí bàbá bá kú láìfi ààlà han ọmọ, ẹjọ́ ni yóò jẹ owó kòkó náà tán.