Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọdé Rí Ìta

Ẹ̀yin ará wa, ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀, ooru ti gorí àlééfà ní Òkè Ọya. Títí òjò yóò fi fìdí múlẹ̀, púpọ̀ nínú wa ni yóò máa há ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀yìn káńtà láti àárọ̀ di alẹ́.

A kò fara mọ́ ọn. Àsìkò yìí gan-an ni yírùnyírùn máa ń jà níhìn-ín, yàrá tí èrò kún tí atẹ́gùn kò sì wọ̀ ni ó sì ń bá a lára mu. Ẹni tí ó wà ní Kánò ní 1996 kò nílò àlàyé. Ẹ gba abẹ́rẹ́ fún wọn, kí ẹ sì mú wọn jáde ní kùtùkùtù tàbí nígbà tí oòrùn bá rọ̀, pẹ̀lú omi mímu lọ́wọ́.

Ará Kánò ní òkè Dala. Ará Jọ́ọ̀sì, tí ooru tiwọn kò tó tiwa, ní ọgbà ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1952. Níbẹ̀ ni àfijọ odi Kánò àti mọ́ṣáláṣí Sáríà wà, kí ọmọ lè rí bí a ti ń fi amọ̀ kọ́lé. Ẹni tí kò lówó ọkọ̀, abẹ́ igi máńgòrò tó o.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má dá a dá ìyá wọn. Ẹ bá wọn ṣe bojúbojú, ẹ fi Yorùbá dárúkọ ohun tí wọ́n bá rí. Èdè Hausa dára, òun ni a fi ń tajà. Ṣùgbọ́n ọmọ wa tí ó mọ “tsuntsu” tí kò mọ “ẹyẹ” ti ń pọ̀ jù.