Ọ̀fun Tó Ń Dun Ọmọ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, bí ọ̀fun bá ń dun ọmọ wa, omi oníyọ̀ la ń fún un, ó di ọjà. Kò tó. Irú kan wà tí kòkòrò àìfojúrí ń fà; bí dókítà kò bá tètè fi pẹnisílíìnì wò ó, ó lè di ibà tó ń mú oríkèé wú, kí ó sì ba ilẹ̀kùn ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde jẹ́. (Ti àwọn àgbàlagbà mìíràn, ogbó ló ń sọ ọ́ di líle.) Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, á máa mí gúlegúle, àyà á máa dùn ún bó bá gbẹ́rù, ó tilẹ̀ lè dákú; àwa á ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Bí ilẹ̀kùn náà bá ti há tán, oògùn kò lè ṣí i, àfi kí oníṣẹ́ abẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èló la ní? Lójú tiwa, kí ìgbìmọ̀ ya owó ìtọ́jú ọmọ sọ́tọ̀, tí a lè yá lọ́jọ́ kan náà, láìdúró de ìpàdé oṣù.