Ẹ Bi Ẹyẹ Inú Àgò Léèrè

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti há sí mi lọ́fun láti ìgbà tí mo ti ti ìsinmi dé. Bí n kò bá sọ ọ́, kò ní jẹ́ kí n gbádùn.

Bọ̀dá kan wà ládùúgbò wa ní Igbókọ̀dá tó ń sin ẹyẹ. Kì í ṣe ẹyẹlé, kì í ṣe adìẹ o. Zebra finch ni wọ́n ń pè é, ẹyẹ tín-ín-tín bí ológoṣẹ́, tí ìran rẹ̀ ti ilẹ̀ Ọsirélíà wá. Èkó ló ti ra méjì, akọ kan, abo kan, àwọ̀ eérú làwọn méjèèjì. Wọ́n yé ẹyin, wọ́n sàba, wọ́n pa ọmọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà funfun báláú bí ẹfun. Gbogbo àdúgbò wá wòran. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹnì kan tiẹ̀ fẹ́ rà á. Kò sẹ́ni tó bi abo ẹyẹ pé, "Ọ̀dọ̀ ta lo lọ?" Ta ni ì bá bi í? Àgò wà ní títì, àwọn méjì péré ló wà níbẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni àǹtí kan tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwa bí ọmọ àfín. Àwọn tó rẹ́rìn-ín sí ẹyẹ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá ọkọ ní kò sí irú rẹ̀ rí nínú ìran àwọn. Ẹnì kan ní ó rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan nígbà tó lóyún. Ẹlòmíì ní òyìnbó elépo ló lọ bá. Ọkọ kò kọ́kọ́ fọhùn. Ìgbà tó máa fọhùn, ó ní kí ìyàwó òun lọ búra níwájú Ayélála.

Àwa ọmọ Ìlàjẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán wa létí: ìtàn táwọn àgbà ń pa ni pé ẹrúbìnrin ni Ayélála, tí wọ́n fi ẹ̀mí rẹ̀ dí ẹ̀mí ọkùnrin kan tó ṣẹ̀, tó sì sá lọ. Ọkùnrin ṣẹ̀, obìnrin kú. Ṣé a ò tíì kúrò níbẹ̀ ni?

Ẹ jẹ́ ká pa dà sí Báyọ́lọ́jì tí gbogbo wa fi yege ìdánwò. Jíìnì méjì méjì la ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Jíìnì tó sọ ẹyẹ yẹn di funfun a máa sá pamọ́: bí ti eérú bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní yọjú, àfi kí méjì pàdé. Akọ gbé ọ̀kan pamọ́, abo náà gbé ọ̀kan pamọ́. Lóòótọ́, ẹyẹ funfun yẹn kì í ṣe àfín gan-an, ojú rẹ̀ dúdú. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jogún rẹ̀ ló bára mu. Irú àfín tó wọ́pọ̀ jù ní Áfíríkà, èyí tó jẹ́ ti jíìnì OCA2, bàbá àti ìyá ló gbọ́dọ̀ jọ gbé e wá. Bí àwọn méjèèjì bá ń gbé e kiri, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá 1 nínú 4 ni pé ọmọ á jẹ́ àfín, ìdá 2 nínú 4 ni pé á dúdú ṣùgbọ́n á máa gbé e kiri bíi tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gba ìran mẹ́ta, mẹ́rin kọjá láìyọjú. "Kò sí nínú ìran wa" kì í ṣe ẹ̀rí kankan.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Zebra finch mìíràn wà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Bí akọ aláwọ̀ eérú bá gbé jíìnì yẹn pamọ́, tó gun abo tí kò ní in, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ló máa ní àwọ̀ yẹn. Ọ̀dọ̀ bàbá nìkan ló ti wá. Ìyá kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀.

Mo sọ gbogbo èyí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rẹ́ mi kan, tó lè ya àpótí Punnett láìwo ìwé, rẹ́rìn-ín: "Ìyẹn ti ìwé. Ti ilé yàtọ̀." Inú bí mi! Ìmọ̀ tí kò lè bá wa wọ ọkọ̀ ojú omi délé, kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹ má sì sọ fún mi pé àṣà ni. Ẹni òrìṣà ni àṣà Yorùbá pe àfín, Ọbàtálá ló ni wọ́n. Ta ló wá kọ́ wa pé ká lé ìyá ẹni òrìṣà jáde?

Láti 2015, ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ń sọ̀rọ̀ àfín. Àwa náà ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nílé, létí omi, níbi tí oòrùn ti ń jó ni láti òkè, tó tún ń ta padà láti ojú omi. Fìlà abetí gbòòrò, aṣọ alápá gígùn, ìjókòó iwájú ní kíláàsì: ohun tí ọmọ yẹn nílò nìyí, kì í ṣe ìbúra. Oòrùn ló ń fún àfín ní jẹjẹrẹ awọ ara, kì í ṣe èpè.

Àǹtí kò búra. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó padà sílé bàbá tiẹ̀. Mo dé ọ̀dọ̀ bọ̀dá ẹlẹ́yẹ kí n tó wá sílé ìwé. Ẹyẹ funfun náà ṣì wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n jọ ń jẹ ọkà nínú abọ́ kan. Ọmọ yẹn kò sí lọ́dọ̀ bàbá tirẹ̀.